Kápẹ́ẹ̀tì Àtijọ́ ti Tìbẹ́tì: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Nínú Oríṣi Márùn-ún?

Tí wọ́n bá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì Tìbẹ́tì síwájú mi, kí n tó wo dírágónì tàbí òdòdó tó wà lójú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yí sókè. Ìdílé ahunṣọ òfì ni ìyá mi ti wá ní Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti mọ̀ pé ojú aṣọ lè purọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò lè purọ́. Nígbà tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo rí ọ̀kan nínú àwọn kápẹ́ẹ̀tì yìí níbi tí wọ́n ti ń lu ẹrù ní gbàǹjo, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Irun rẹ̀ lọ́ràá díẹ̀, ó ń dán bí orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdí pa. Látìgbà náà, àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń bá mi lọ sí gbàǹjo kì í yé béèrè ohun kan náà: nínú gbogbo èyí, èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà? Oríṣi márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ wá. Mo fẹ́ gbé wọn yẹ̀ wò, mi ò sì ní fi èyí tí mo fẹ́ràn jù pa mọ́.

Ilẹ̀ òkè ni Tìbẹ́tì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ga ju 4,000 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ kọjá. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó, òun ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì ẹṣin. Ìdí nìyí tí àwọn ojúlówó fi kéré. Khaden, tí í ṣe ẹní ìsùn wọn, kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú àti 6 lóòró lọ, ìyẹn nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti 180 lóòró. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tó máa bo gbogbo pálọ̀, tí oníṣòwò kan wá na kápẹ́ẹ̀tì tó tóbi bíi yàrá sí yín tó ní ti àtijọ́ Tìbẹ́tì ni, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Bí wọ́n ṣe ń hun ún pàápàá yàtọ̀ sí ti Páṣíà àti ti Tọ́kì. Ahunṣọ á gbé ọ̀pá kan, ti irin tàbí ti igi, dábùú iwájú àwọn fọ́nrán òòró. Á fi òwú irun àgùntàn kọ́ fọ́nrán méjì, á wé e mọ́ ọ̀pá, á kọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, á tún wé e, títí á fi dé etí kejì. Á ti fọ́nrán ìbú kọjá, á fi òòlù gbá ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ kí ìlà náà lè kì. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀bẹ la gbogbo ojóbó tó wé mọ́ ọ̀pá. Ọ̀pá á bọ́ jáde, irun á dìde dúró. Tẹ́ ẹ bá fi ìka la irun kápẹ́ẹ̀tì náà sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó rí i pé ó tò ní ìlà-ìlà bí ebè oko. Kókó rẹ̀, ìyẹn ibi tí òwú ti kọ́ fọ́nrán, kò pọ̀ bíi ti Páṣíà: nínú ínǹṣì kan níbùú lóòró, 40 sí 60 ló wọ́pọ̀ nínú àwọn àtijọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí rẹ̀ yín sílẹ̀ pé iṣẹ́ wọn kò dáa. Nínípọn ni wọ́n fẹ́, kí òtútù ilẹ̀ má bàa dé egungun.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Irun ni àkọ́kọ́. Àwọn àgùntàn orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ gíga Changthang, ní àríwá Tìbẹ́tì, ní irun gígùn tó kún fún ọ̀rá. Ọ̀rá yẹn ló ń jẹ́ kó dán sí i bí àwọn èèyàn ṣe ń sùn lé e. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á síbi tí irun dojú kọ, kẹ́ ẹ tún pa á padà. Tó bá gbẹ bíi kànìnkànìn, a jẹ́ pé wọ́n ti fi kẹ́míkà fọ ọ̀rá náà kúrò, wọ́n sì sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí tuntun lè dà bí ògbólógbòó.

Aró ni ìkejì, òun ló sì ń pa owó jù. Kí ọ̀rúndún 19 tó fẹ́ parí, inú igbó àti ilẹ̀ ni gbogbo àwọ̀ ti ń wá. Búlúù wá láti inú ewé ẹ̀lú tí wọ́n ń kó gba Íńdíà wọlé. Ohun tó ń pa àwọ̀ nínú rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nínú ẹ̀lú àwọn aláró wa ní Òṣogbo àti Abẹ́òkúta. Pupa wá láti ara gbòǹgbò ewéko, tàbí láti ara oje tí kòkòrò kékeré kan ń tò sára ẹ̀ka. Gbòǹgbò rhubarb ló ń fún wọn ní àwọ̀ ìyeyè, èèpo walnut ló ń fún wọn ní àwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aró kẹ́míkà ti ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gba Íńdíà wọ Tìbẹ́tì, àwọn ahunṣọ sì tẹ́wọ́ gbà á, nítorí pé ó yá, ó sì pọ́n. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kò ní láárí: àlùkò rẹ̀ di eérú, pupa fẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ṣá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ la irun náà, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Tí orí irun bá ti di eérú, tí ìdí rẹ̀ ṣì pọ́n fòò tàbí tó jẹ́ àlùkò gbígbóná, aró kẹ́míkà ìgbà àkọ́kọ́ ni. Aró ewé àti gbòǹgbò kì í já lójijì bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ búlúù rẹ̀, ìyẹn ojú tí ọnà jókòó lé: tó bá ṣú níbì kan, tó mọ́ díẹ̀ níbòmíràn, ẹ má kà á sí àbùkù. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí mọ̀ pé òwú tí a rẹ lówùúrọ̀ àti èyí tí a rẹ lọ́jọ́ kejì kì í jọra délẹ̀délẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n rí i.

Ìkẹta ni fọ́nrán inú rẹ̀. Nínú àwọn àtijọ́, òòró àti ìbú jẹ́ irun àgùntàn. Nígbà tó wọ ọ̀rúndún 20 ni òwú funfun wọ́pọ̀. Èyí nìkan kò tó láti fi dá ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ń ran ni lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí ohun kan níbí o. Àwọn ahunṣọ Ningxia ní Ṣáínà hun kápẹ́ẹ̀tì púpọ̀ fún àwọn ilé ìsìn Búdà ní Tìbẹ́tì, títí kan àwọn tí wọ́n ń wé mọ́ òpó, tí dírágónì rẹ̀ kì í pé àfìgbà tí etí méjèèjì bá pàdé. Òwú funfun ló wà nínú tiwọn, wọn kì í sì í lo ọ̀pá. Kápẹ́ẹ̀tì tó gbayì ni, owó rẹ̀ sì lè ga gan-an, ṣùgbọ́n Tìbẹ́tì kọ́ ló hun ún. Oníṣòwò tó bá pè é ní ti Tìbẹ́tì láìṣàlàyé, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá wo àtúnṣe, iye owó, àti ìwé tó bá a rìn. Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Khaden, ẹní ìsùn

Òun ló pọ̀ jù lọ́jà. Gyantse ni ìlú tí orúkọ rẹ̀ dún jù nínú iṣẹ́ yìí, Shigatse àti Lhasa náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n sábà máa ń hun ún ní méjì-méjì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá rí ìkejì tiyín lọ́jà lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ọnà tó wà lára rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Àwọn kan ní àwòrán róbótó mẹ́ta láàárín; àwọn kan ní òdòdó lótọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ní dírágónì àti ẹyẹ fẹ́nísì tí wọ́n yá lọ́wọ́ Ṣáínà, tàbí kìnnìún yìnyín onígọ̀gọ̀ aláwọ̀ ewé. Èyí tó wù mí jù ni àwọn tí wọ́n pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ọpọ́n ayò dúráàfù, tí wọ́n fi àmì tí wọ́n ń pè ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kún inú wọn. Ẹ ó tún rí yungdrung, àmì tí ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní Yúróòpù ni ara wa máa ń bù máṣọ tá a bá rí i, nítorí ohun tí Hitler fi ṣe. Ní Tìbẹ́tì, àmì ìdúróṣinṣin ni, ó sì ti wà lára ohun ìsìn wọn ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó bí Hitler. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ pálọ̀, ẹ ó máa ṣàlàyé fún gbogbo àlejò.

Ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn mi. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ búlúù tó ṣú ni, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ pupa àti funfun ló kún inú rẹ̀. Apá kan ti jẹ ju èkejì lọ, níbi tí ẹnì kan ti ń jókòó lójoojúmọ́. Aṣọ pupa ni wọ́n fi gbá etí rẹ̀ yíká, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe. Ẹni àkọ́kọ́ fi òwú dúdú rán an, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tò bíi tẹni tó ń ka owó. Níbi tó ti ya, ẹnì kejì fi òwú funfun tún un, tìyẹn gbòòrò, ó kánjú. Ní igun kan, ẹnì kẹta fi òwú àwọ̀ ewé tún un. Ó kéré tán, ọwọ́ mẹ́ta ló ti tọ́jú rẹ̀ kó tó kàn mí. Oníṣòwò kan sọ pé òun á bá mi yọ aṣọ náà kúrò, kí kápẹ́ẹ̀tì lè "mọ́". Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ̀.

Ní ti owó, àwọn tí wọ́n hun láàárín 1900 sí 1950, tí aró kẹ́míkà ti wọ inú wọn, sábà máa ń wà láàárín $300 sí $2,000 ní gbàǹjo, bí mo ṣe ń rí i. Àwọn tí gbogbo aró wọn jẹ́ ti ewé àti gbòǹgbò, tí ọnà wọn sì ṣọ̀wọ́n, lè di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin èyí. Èrò mi ni pé ẹ má kẹ́gàn àwọn ti aró kẹ́míkà. Mo ti rí èyí tí pupa rẹ̀ ti rọ̀, tó wá jókòó ti búlúù ẹ̀lú bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Irun rẹ̀ ṣì jẹ́ irun Changthang, ọwọ́ tó hun ún sì mọṣẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ tún ga: ayédèrú khaden lásán kò pọ̀, nítorí èrè ibẹ̀ kò tó wàhálà.

Kápẹ́ẹ̀tì gàárì

Méjì ni: ńlá kan tó lọ sábẹ́ gàárì, kékeré kan tó gun orí rẹ̀. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ńlá, wọ́n hun ún lápá méjì, wọ́n rán an pọ̀ níbi tó dúró sí lórí eegun ẹ̀yìn ẹṣin, kí òdòdó rẹ̀ lè nàró lọ́tùn-ún àti lósì. Ọgbọ́n kékeré ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, orí mi wú. Àwọn tí etí wọn ṣe bí ìyẹ́ labalábá wọ́pọ̀ ní ọ̀rúndún 20. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń so ìrísí náà mọ́ gàárì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Younghusband, olórí wọn, kó wọ Gyantse àti Lhasa ní 1904.

Ó kéré, ó rọrùn láti kọ́ ara ògiri, owó rẹ̀ sì sábà máa ń rẹlẹ̀ ju ti khaden tí iṣẹ́ wọn jọ dọ́gba. Ìyà tó ti jẹ ni ìṣòro rẹ̀. Òógùn ẹṣin, okùn gàárì àti ìfàlọfàbọ̀ ti jẹ ẹ́ níbi tí ojú kì í tètè dé. Ẹ gbé e sókè síwájú fèrèsé: tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ gba àárín rẹ̀, fọ́nrán inú ti já, owó àtúnṣe rẹ̀ sì lè ju owó tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lọ. Tẹ́ ẹ bá rí òkè àti ìsàlẹ̀ pa pọ̀, tí wọ́n jọ wá láti ilé kan, ẹ má yà wọ́n.

Wangden àti tsuktruk

Ọ̀dọ̀ àwọn yìí ni ọkàn mi wà.

Wangden gba orúkọ rẹ̀ lára àfonífojì kan ní agbègbè Tsang, níbi tí Shigatse àti Gyantse náà wà. Tẹ́ ẹ bá yí i dà, ẹ ò ní rí kókó kankan lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé fọ́nrán òòró ló bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà ìhunṣọ tó yàtọ̀ ni, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó ti wà ṣáájú ti Gyantse. Irun rẹ̀ nípọn, ó ga, ọnà rẹ̀ kò sì pọ̀: àmì yungdrung, tàbí dorje (ọ̀pá àrá kékeré tí wọ́n ń lò nínú ìsìn Búdà) méjì tó dábùú ara wọn, lórí pupa tàbí ọsàn. Inú gbọ̀ngàn àdúrà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń hun ún gùn gbọọrọ, igun mẹ́rin kan fún mọ́ńkì kan, kí ẹni bíi mẹ́fà lè jókòó tẹ̀ léra wọn. Lọ́jà, ẹ ó rí àwọn tí oníṣòwò ti gé sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó lè rí owó púpọ̀ sí i. Ẹ wo etí méjèèjì: tí ọ̀kan bá ní ìgbátí àtijọ́, tí èkejì jẹ́ ojú ọ̀bẹ tí wọ́n fi òwú tuntun rán, wọ́n ti gé e. Inú mi kì í dùn sí èyí rárá.

Tsuktruk ní tirẹ̀ jẹ́ ti àwọn darandaran àti àgbẹ̀. Ojú òfì tóóró ni wọ́n ti ń hun ún, lẹ́yìn náà ni wọ́n á to àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, wọ́n á rán wọn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ko aṣọ òkè pọ̀ nílé wa á mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ìka tọ ojú ìrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹkún ló gbọ̀n mí, nítorí ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo rántí. Àwọn èèyàn tí kò gbúròó ara wọn rí, tí òkun àti òkè wà láàárín wọn, jọ rí i pé òfì tóóró ló rọrùn láti gbé kiri. Irun tsuktruk gùn tó ìka ọwọ́. Àwòrán inú rẹ̀ kì í ju ìlà, àgbélébùú tàbí igun mẹ́rin lọ. Nígbà mìíràn, àwọ̀ kan ṣoṣo ni láti òkè délẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe ayédèrú wọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjà wọn kò tíì gbóná. Owó tó ra khaden aláìlórúkọ kan lè ra tsuktruk tó dáa gan-an. Ẹ̀bi wọn ni pé wọ́n wúwo, òórùn bọ́tà yak (màlúù onírun ti ilẹ̀ òkè wọn) àti èéfín sì ń bẹ lára wọn tí kì í tètè lọ, kòkòrò ajẹṣọ sì fẹ́ràn wọn. Ẹ fi khaden wé wọn: khaden á fún yín ní àwòrán àti ìtàn tí ẹ lè tọ́ka sí. Èyí á fún yín ní àwọ̀ àti ọwọ́ èèyàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún èmi, ó tó.

Kápẹ́ẹ̀tì ẹkùn

Òun ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Ẹkùn tiwọn kì í ṣe ẹkùn tiwa onítótòtó; abìlà ni. Ní ilẹ̀ Búdà àwọn ará Tìbẹ́tì, awọ ẹkùn ni ìjókòó àwọn àgbà tó ń ṣe àṣàrò tó jinlẹ̀, ìjókòó àwọn ọlọ́lá pẹ̀lú. Àwọn ahunṣọ wá ń hun awọ náà. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ní orí, èékánná àti ìrù bí ẹkùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, àti èyí tó jẹ́ ìlà nìkan, tó ń rú bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ní 1988, Hayward Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ wọn, owó wọn kò sì padà sílẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Àwọn tó dáa nínú wọn ń lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là.

Ibi tí owó bá pọ̀ tó báyìí, ayédèrú á tò síbẹ̀. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ta ọ̀kan fún mi, ó ní ó ti lé ní 100 ọdún. Mo ti tọ́jú owó náà fún oṣù mọ́kànlá. Nígbà tí mo gbé e délé, mo fún aṣọ funfun tútù, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi ọsàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Aṣọ náà di ọsàn. Mo la irun rẹ̀: láti orí dé ìdí, àwọ̀ kan náà, kò sí ibi tí oòrùn ti ṣá a. Mo gbóòórùn rẹ̀: èéfín ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín ojú nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní òórùn kankan. Wọ́n fi ìmúra gbé èéfín sí i lára ni. Owó náà kò padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó yẹ kí n ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí níbẹ̀, kí n tó sanwó, ẹni tó tà á kò sì ní lè dí mi lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì Tìbẹ́tì bí àádọ́ta, kó fi ẹkùn sílẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà ní àǹfààní ńlá: Newark Museum of Art ní New Jersey ti ń kó ohun Tìbẹ́tì jọ láti 1911. Tí ẹnì kan bá sì fi awọ ẹkùn gidi lọ̀ yín, ẹ sá. Òfin àgbáyé CITES lòdì sí òwò rẹ̀, Dalai Lama, aṣíwájú ẹ̀sìn Búdà ti Tìbẹ́tì, fúnra rẹ̀ sì rọ àwọn èèyàn rẹ̀ ní 2006 pé kí wọ́n má wọ awọ ẹranko ìgbẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló dáná sun tiwọn ní gbangba.

Ti Nepal, iṣẹ́ àwọn asásàálà

Èyí kì í ṣe àtijọ́ bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wà nínú ìfiwéra yìí. Ní 1959, lẹ́yìn rògbòdìyàn Lhasa, Dalai Lama sá lọ sí Íńdíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì tẹ̀ lé e. Àwọn kan gbé khaden wọn rù kọjá Himalaya, wọ́n sì tà á nígbà tí ebi dé. Púpọ̀ nínú ohun tá à ń rà lónìí ti ibẹ̀ wá, ó sì yẹ ká rántí. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn asásàálà dá ilé iṣẹ́ ara-ẹni sílẹ̀ ní Darjeeling; kò pẹ́ sí i, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Switzerland, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun kápẹ́ẹ̀tì ní Jawalakhel, lẹ́bàá Kathmandu. Àwọn tí wọ́n hun ní 1960 sí 1980 ti ń súnmọ́ ọjọ́ orí tí a lè bọ̀wọ̀ fún, owó wọn sì ṣì rẹlẹ̀. Ọ̀nà ọ̀pá kan náà ni. Aró wọn kì í sábà ṣí.

Nígbà tí ọjà náà gbòòrò, wọ́n fi irun New Zealand kún irun Tìbẹ́tì, wọ́n sì ń ka kókó ní 60, 80 àti 100. Wọ́n fi ọmọdé ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ìyẹn ló mú kí Kailash Satyarthi, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014, dá àjọ tí a mọ̀ sí GoodWeave lónìí sílẹ̀ ní 1994. Tẹ́ ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wá àmì àjọ náà lẹ́yìn rẹ̀, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí nìkan nínú márààrún ni mo lè sọ pé kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láìṣàánú rẹ̀.

Ìwé àti ìtọ́jú

Òfin Nepal kò gbà kí ohun tó ti lé ní 100 ọdún kúrò nílùú. Kódà fún tuntun tó jọ àtijọ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ Department of Archaeology kẹ́ ẹ tó dé pápákọ̀ òfuurufú. Ṣáínà náà kò jẹ́ kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ti wà ṣáájú 1911 jáde. Nítorí náà, ó sàn kẹ́ ẹ ra èyí tó ti wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà tipẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e sínú fìrísà tó tutù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ lè kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fi pamọ́ sínú ọ̀rá mọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sí Èkó tàbí Cotonou, níbi tí ọ̀rinrin á ti mú un hu. Ẹ ká a, ẹ má ṣẹ́ ẹ po.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju $1,000 lọ, kó ra khaden ti 1900 sí 1950, tí fọ́nrán inú rẹ̀ lágbára, kódà tí pupa rẹ̀ bá ti ṣá. Á kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ẹni tó ń gbé yàrá kékeré, tó fẹ́ ohun ara ògiri, kó wá kápẹ́ẹ̀tì gàárì, kó sì fi fèrèsé dán an wò. Àwọn tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ àti àlejò oníbàtà, Jawalakhel ni tiyín. Ẹni tí aṣọ ń sọ̀rọ̀ sí lára, tí ilé wọn ti ń rẹ aró tàbí ta òfì, kó lọ fọwọ́ kan tsuktruk kó tó na owó rẹ̀ síbòmíràn. Ẹni tó ti ní khaden mẹ́ta-mẹ́rin, tó sì mọ ẹnì kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ogún ọdún tó lè bá a wò ó, ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹkùn.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá yàn, ẹ mú aṣọ funfun kan àti ìgò omi kékeré dání lọ. Tí ọlọ́jà kò bá gbà kẹ́ ẹ fi kàn án, ẹ dá a padà sọ́wọ́ rẹ̀.